Ta ló sọ fún yín pé itan ò ní ẹ̀yìn?

Ẹ̀yin tó ń gbé irin ní Ifẹ̀, láti Sábó dé inú ọgbà OAU, àyà àti apá lẹ ń bọ. Tó bá wá di Sátidé, tẹ́ ẹ lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ó sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó di ẹ̀yìn itan mú, ẹ ó ní pápá ò dáa. Pápá kọ́ o.

Iṣan ẹ̀yìn itan, tí wọ́n ń pè ní hamstring, bẹ̀rẹ̀ láti ara eegun tí a fi ń jókòó, ó sì lọ dì mọ́ eegun tó wà nísàlẹ̀ orúnkún. Téèyàn bá ń sáré àsápajúdé, ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú fẹ́ balẹ̀ ni iṣan yìí sábà máa ń já. Ó ń nà lọ́wọ́, ó sì tún ń kó ẹsẹ̀ níjàánu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rọra sọ irin kalẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá dojúbolẹ̀ tó ń ká ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ (leg curl), tí irin ń ró gbàù bó ṣe ń dá a padà, ìdajì iṣẹ́ náà ló dànù yẹn. Ẹ dín kílò kù, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 3 dá a padà. Bí ìdí bá ń gbé sókè lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣì wúwo jù. Orúnkún gbọ́dọ̀ ṣe déédéé ibi tí apá ẹ̀rọ ti ń yí.

Ní tèmi, Nordic curl, ìdárayá ẹ̀yìn itan tí à ń ṣe lórí ìkúnlẹ̀, ló ga jù, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ kọ́kọ́ mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 10, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ lórí fóòmù tó nípọn, kí ẹnì kan fi gbogbo ara tẹ ọrùn ẹsẹ̀ yín méjèèjì mọ́lẹ̀ (kì í ṣe ẹni tó ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù o). Láti orúnkún dé èjìká, ẹ gún bíi pákó. Ẹ wá rọra máa tẹ̀ síwájú. Níbi tí agbára bá ti pin, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ náà ti ara padà sókè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn ṣẹ́ níbàdí bí ẹni fẹ́ foríbalẹ̀ fún Ọọ̀ni. Bẹ́ ẹ bá ti ṣẹ́ báyẹn, ẹrù ti kúrò lórí iṣan nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré: sẹ́ẹ̀tì 2 (ìyẹn ìgbà méjì, kẹ́ ẹ sinmi láàárín), ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà-mẹ́fà. Ẹ má sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀tì 3 kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tó bá fi ìtara bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì 3, ẹ̀ẹ̀méjìlá-méjìlá, gígun ọ̀kadà lọ́jọ́ kejì á di ìṣòro fún un. Kí ara ro yín fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tó ṣáájú bọ́ọ̀lù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi irin gbọọrọ kún un, ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀pá náà lásán, kílò 20 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún tó ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn, kí ọ̀pá máa fara kan itan lọ sísàlẹ̀. Kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọrọdọ, ẹ dúró, ẹ padà sókè.

Bó bá wá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ń ta yín bí abẹ́rẹ́, tàbí tí ibẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ sínú, ìyẹn kì í ṣe ara ríro. Ẹ jáwọ́, kẹ́ ẹ lọ rí físíò, ìyẹn onímọ̀ ìlera tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró gbígbóná wọ́ ọ lọ́jọ́ náà.