Ẹni Tó Mọ Gọ́tà Ni Ká Fi Ṣe Alága Káńsù

Bí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ti ń súnmọ́lé, pósítà ni yóò kọ́kọ́ gba ìgboro. Agbádá funfun, fìlà tó gẹ̀, oyè mẹ́ta-mẹ́rin níwájú orúkọ, àti "Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ ó ṣe é." Ohun tí ẹ kò ní í rí níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí onítọ̀hún ti ṣe fún ará ìlú rí. Àwa kò fẹ́ fi bò: ẹni tí kò bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti tọ́ka sí, tí kò sì tíì ṣe nǹkan kan lórí omi, igbó tàbí ìmọ́tótó àdúgbò, kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi joyè alága káńsù.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ igbó ti ju agbára káńsù lọ, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni igbó ọba, Àbújá ló sì ni ohun àlùmọ́nì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò fi káńsù sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Ẹ wo igbó ọba Omo ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ọdún 1977 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ibi tó yẹ kí aráyé máa dáàbò bò. Erin ṣì ń bẹ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agégi àti àwọn tó ń dá oko kòkó síbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Alága káńsù kọ́ ló ń fún agégi níwèé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí tó bá fara ti irú igbó báyìí, abẹ́ alága ni ọ̀nà abúlé tí lọ́rì gẹdú ń gbà já sí títì wà, àti ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n fi èéfín yan. Ẹni tó bá ti bá àwọn tó ń ṣọ́ igbó rìn rí yóò mọ ohun tó yẹ kó bi ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún lọ́rì. Ẹni tó jẹ́ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀, kí lọ́rì máa pọ̀ sí i ni yóò máa gbàdúrà fún.

Bí ti igbó bá jìnnà sí yín, Ìbàdàn kò jìnnà. Odò Ògùnpa ya wọ ìlú lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àgbàrá tún gbé èèyàn àti afárá lọ lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Pàǹtírí tó dí ojú omi àti ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò wà lára ohun tó fà á, lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Láyé ọjọ́un, wolé-wolé ló ń bá wa ká irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò. Yóò ṣí ìkòkò omi, yóò bẹ̀rẹ̀ wo tanwíji, yóò sì pe baálé ilé lẹ́jọ́. Àwọn èèyàn ń sá fún un, kò sì sí ẹni tó mọ àdúgbò tó o. Bí irú rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì bá jáde lónìí, tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó mọ ibi tí omi ń gbà nígbà òjò, àwa yóò tì í lẹ́yìn ju agbaṣẹ́ṣe tó ń pín ìrẹsì kiri lọ.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ẹni tó gbin igi ló ń tọ́jú àyíká. A ti rí olóṣèlú tó gbé ọkọ́ dání níwájú kámẹ́rà, tí ewúrẹ́ jẹ igi náà kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ẹ bi í: igi tí ẹ gbìn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn dà? Ẹni tó bá sì ní òun pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìjọba, ẹ wo ohun tó ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe iye ọdún tó fi jókòó ti fáìlì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le sí i, torí lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, kí gómìnà yéé dì í mú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó jẹ́ pé baba ìsàlẹ̀ ló ń yan olùdíje, tí ẹgbẹ́ tó wà nípò sì máa ń kó ìbò náà lọ ràì, ta ni yóò ná owó ọ̀hún?

A ń ké sí àwọn àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá: ẹ fi ojú ewé kan kún fọ́ọ̀mù olùdíje, kó kọ iṣẹ́ tó ti ṣe fún ará ìlú síbẹ̀, ibi tó ti ṣe é, ọdún tó ṣe é, àti ohun tó fi sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ òṣèlú náà gbà á kí wọ́n tó fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù àti ẹnu ọ̀nà ọjà, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wá sọ bóyá òótọ́ ni. Ẹ sì jẹ́ kó wà ní èdè Yorùbá, torí ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà tó mọ olùdíje dáadáa ni kò lè ka fọ́ọ̀mù òyìnbó.