Àkísà Àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àgbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ ló sábà máa ń fi òwe yìí pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, n kò sì fẹ́ràn ìlò yẹn. Òwe náà ò ní kí ọmọdé má dáṣọ. Àkísà ló ń tọ́ka sí. Fún àwa tí à ń kọ ìtàn àròsọ, aṣọ ni ìwé tó jáde tí gbogbo ayé rí; àkísà ni orí ìwé tí a kọ tí kò lọ síbì kankan, tí a pa tì.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń mú ìtàn wá bá mi l'Ádó-Èkìtì níbí, aṣọ Fágúnwà ni wọ́n ń wọ̀. Gbólóhùn á gùn, àfiwé á máa gun ara wọn lórí, ọdẹ á wọ igbó, iwin á yọ. Ó ń dùn fún ojú ìwé méjì. Ṣùgbọ́n etí ọkùnrin yẹn ti kún fún àlọ́, ìwàásù àti ìtàn Bunyan, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, kó tó mú kálàmù. 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Igbó Olódùmarè ò dé àfi 1949. Ẹni tó ń kánjú ò ní fẹ́ gbọ́ ọdún mọ́kànlá yẹn.

Ẹ tún wo Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkéré-Èkìtì tiwa. Akéwì ni, kì í ṣe ìtàn àròsọ ló ń kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní 2005, omi ìjì Katrina ba ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ nílé rẹ̀ ní New Orleans l'Amẹ́ríkà. Ó tún jókòó, ó sì kọ odidi ìwé ewì lórí ìjì náà.

Nítorí náà, ẹ ka àwọn àgbà, kí ẹ sì máa kọ èyí tí ẹ ó pa tì. Ẹ má sì pa á rẹ́ lórí fóònù. Ó lè wúlò.

Ọmọbìnrin kan mú tirẹ̀ wá láìpẹ́ yìí. Iwin ló kún orí méjì àkọ́kọ́. Ní orí kẹta, ìyá àgbà kan kọ̀ jálẹ̀ láti ta ilẹ̀ oko ọkọ rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo, Èkìtì pọ́nńbélé ló sì fi ń bú wọn. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, àwọn iwin yẹn ló gbà mí lásìkò jù."

Mo ní mo mọ̀, ó hàn.