Abéèrè Kì Í Ṣìnà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Ìgbàgbọ́ Rú Lójú

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò béèrè ni í pọ́n ara rẹ̀ lójú. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn kan náà tí wọ́n ń pa òwe yìí ní ọjà àti ní ìdíkọ̀ ni wọ́n ń bá ọmọ wọn wí nílé bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn, wọn a ní kò sí ẹni tí í yẹ Ọlọ́run lọ́wọ́ wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń béèrè ohun tí kò yé e kò yẹ Ọlọ́run lọ́wọ́ wò.

Ẹ wo ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 8. Ìṣúra Káńdákè ayaba wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó ti lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù, ó sì ń padà bọ̀ lọ́nà Gásà, ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó ń ka ìwé wòlíì Aísáyà sókè débi pé Fílípì ajíhìnrere, tó sáré sún mọ́ kẹ̀kẹ́ náà, gbọ́ ohun tó ń kà. Fílípì bi í bóyá ó yé e. Ìjòyè ńlá yìí dáhùn pé báwo ni yóò ṣe yé òun láìjẹ́ pé ẹnìkan tọ́ òun sọ́nà, ó sì bẹ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn pé kí ó gòkè wá jókòó ti òun. Ibi tó rú u lójú gan-an ló béèrè: àgùntàn tí a fà lọ fún pípa yìí, ṣé ara rẹ̀ ni wòlíì ń sọ ni, àbí ẹlòmíràn?

Ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè báyẹn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú lẹ́yìn ààwẹ̀ àti àdúrà ọlọ́jọ́ gbọọrọ a lọ bi pásítọ̀ ní ibi tí Kéènì ti rí ìyàwó fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìdí tí àdúrà náà kò fi gbà ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Pásítọ̀ a dá a lóhùn lórí Kéènì, kálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ sọ èyí tó ń dùn yín.

Ta ni kí á wá lọ bá? Al-Kùránì, nínú Súúrà An-Nahl, ẹsẹ 43, pàṣẹ pé kí ẹni tí kò mọ̀ bi àwọn tó ní ìmọ̀. Àwọn onífá náà kì í fi ọmọ awo sílẹ̀ láìní olúwo àti ojúgbọ̀nà. Ipò nìkan kọ́ ni a fi ń mọ onímọ̀. Àpólò, oníwàásù kan nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 18, mọ Ìwé Mímọ́, ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Àkúílà àti Pírísíkílà ìyàwó rẹ̀, àwọn tó ń fi àgọ́ pípa jẹun, ni wọ́n gbọ́ ọ nínú sínágọ́gù, tí wọ́n mú un sọ́dọ̀, tí wọ́n sì là á yé e. Nílẹ̀ tiwa, nígbà tí wọ́n ń bi Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní ààfin Ẹ́míà Ìlọrin ní ọdún 1872, ìwé tó wà lédè Yorùbá ló ṣí, tó sì ń ka ìdáhùn fún wọn. Ẹni tó lè ṣí ìwé báyìí, tó sì lè sọ níbòmíràn pé "èyí kò tíì yé èmi náà", ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa tọ̀ lọ.

Àwọn kan wà tí ìbéèrè ń bí nínú, tí wọ́n ń pè é ní ọ̀tẹ̀. Àwọn tó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn tí inú wọn ń dùn sí i, torí pé wọ́n fẹ́ kí ẹ máa bọ̀ títí ayé. Lẹ́yìn tí Fílípì ri ìwẹ̀fà bọmi, ìwẹ̀fà kò rí i mọ́; ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀, Fílípì sì ti dé Ásótù. Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ ń bi bá ní ẹ kò gbọdọ̀ bi ẹlòmíràn, tàbí pé láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i ẹ kò gbọdọ̀ gbéyàwó, ra ilẹ̀ tàbí gba iṣẹ́, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì máa lọ.