Kí a tó kọ́ pápá ìṣeré tuntun, ẹ jẹ́ ká wọn èyí tó wà nílẹ̀

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ìlú yòówù ní gúúsù Kwara tó bá fẹ́ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wo ohun tí pápá ìṣeré rẹ̀ ń fẹ́. Láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, láti Ṣàárẹ́ dé Ìlọ́fà, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ jẹyọ níbi tí ọmọ ìlú bá ti ṣèpàdé. Àwọn ọ̀dọ́ á ní àwọn kò ríbi ṣeré. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi á ní àwọn máa dáwó. Olóṣèlú á dìde, á ṣèlérí sitẹdíọ̀mù kékeré, àtẹ́wọ́ á sì sọ.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe láti wá ilẹ̀ tuntun, kì í sì í ṣe láti ya àwòrán sitẹdíọ̀mù. Kí wọ́n lọ wọn pápá ilé-ìwé tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n fa ààlà rẹ̀, kí wọ́n gbàwé lé e lórí, kí wọ́n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí owó sitẹdíọ̀mù bá fi máa dé, àwọn pápá tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ á ti di ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù tí FIFA fẹ́ fún ìdíje ńlá gùn ní mítà 105, ó sì fẹ̀ ní mítà 68. Ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 7,140. Pulọ́ọ̀tì ilé tí à ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò ju nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 465 lọ. Ẹni tó bá dúró létí pápá ilé-ìwé, tó sì jẹ́ oníṣòwò ilẹ̀, pulọ́ọ̀tì 15 lójú rẹ̀ ń rí, ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí igi kò pọ̀ lórí rẹ̀, tó sábà máa ń wà lẹ́bàá títì. Bí pápá náà bá tún ní ojú ọ̀nà mẹ́jọ fún eré sísá onímítà 400 yí i ká, ó ti di nǹkan bíi pulọ́ọ̀tì 35. Ní ìlú tí owó ilẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ lófìfo àfi tí ẹnìkan bá ń ṣọ́ ọ. Kò tiẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá gba gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá bu pulọ́ọ̀tì méjì péré ní igun kan, pápá náà ti bàjẹ́ nìyẹn. A ò lè fa ìlà tó tọ́ sórí rẹ̀ mọ́, ìdíje kankan kò sì ní wá síbẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí a kò ní dárúkọ, báyìí ni pápá ṣe rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Òpó góòlù apá kan jẹ́ irin tó ti dípẹtà, èyí tó dábùú rẹ̀ lókè sì ti tẹ̀ wálẹ̀ láàárín. Ti apá kejì jẹ́ igi tíìkì méjì tí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn rì mọ́lẹ̀, okùn ni wọ́n so dípò ìdábùú. Àwọn ọlọ́kadà ti la ọ̀nà gba àárín pápá kọjá, ọ̀nà náà sì ti jìn débi pé bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á máa bá a lọ. Nísàlẹ̀, ọ̀gbàrá ti gbẹ́ kòtò tó mu ọmọ dé orúnkún. Ní igun tó kọjú sí títì, ẹnìkan ti já iyanrìn sílẹ̀, ó ń yọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, àwọn kan wọ sílípáàsì, àwọn mìíràn kò wọ nǹkan kan. Àwọn ọmọbìnrin jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń wòran.

Ta ló fún ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù yẹn láyè? Ìbéèrè tó yẹ kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ bi nìyẹn, nítorí pé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iyanrìn lónìí, ahéré ẹni tó ń ṣọ́ iyanrìn lọ́la, ìpìlẹ̀ lọ́túnla.

Púpọ̀ nínú ilẹ̀ ilé-ìwé ní Ìgbómìnà, ní Ìbọ̀lọ́ àti lápá Èkìtì tiwa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi fi í sílẹ̀. Bàbá kan na ọwọ́, ó ní láti ìdí ìrókò yìí dé ibi pèrègún yẹn. Ìjọ tàbí ọmọ ìlú dúpẹ́, wọ́n da ara wọn jọ, wọ́n kọ́ ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tó ro ìwé nígbà náà, nítorí pé ojú ń ti èèyàn láti gba ohun tí bàbá rẹ̀ ti fi tọrẹ. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń bọ̀ báyìí pẹ̀lú ìwé sọ́fè tuntun lọ́wọ́, tí wọ́n ń sọ pé ibi tí kíláàsì wà ni bàbá àwọn fi sílẹ̀, kò kan pápá. A ò ní pè wọ́n ní òpùrọ́. Ẹlòmíràn nínú wọn gbà lóòótọ́ pé bó ṣe rí nìyẹn, kò sì sí ìwé tó lè fi yé e pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ké sí àgbà ìdílé tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì lè rìn. Kí aṣojú ọba wà níbẹ̀, kí olórí ilé-ìwé wà níbẹ̀, kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀. Kí wọ́n jọ fẹsẹ̀ rin ààlà náà yípo. Kí àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí pèrègún tó ṣẹ́kù, kí wọ́n rì òpó sìmẹ́ńtì síbẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó túká. Pèrègún rọrùn láti hú. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìwé yẹn kò gbọdọ̀ dúró sínú àpò akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro. Kí wọ́n gbé e lọ síbi tó yẹ, ìbáà jẹ́ káńsù tàbí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Ìlọrin, kí wọ́n gbàwé fún ilé-ìwé náà, pápá àti kíláàsì pọ̀. Ó máa náni lówó. Owó yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Èkó àti Àbújá kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó dá ti sitẹdíọ̀mù.

A kò lòdì sí pápá ìṣeré ńlá o. Ìlọrin ní tirẹ̀, orúkọ Rashidi Yekini ni wọ́n sì fi sọ àárín gbùngbùn rẹ̀, ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, nígbà tí a na Bulgaria ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní Dallas. Lọ́dún 1993, òun ni wọ́n mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ìrá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ni wọ́n sin ín sí lọ́dún 2012. Ọmọ tó ń dàgbà ní Ìrá tàbí ní Ìlẹ́mọnà lónìí, tó sì fẹ́ dà bíi tirẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí koríko Ìlọrin. Ibi tó lè fẹsẹ̀ rìn dé lẹ́yìn tó bá tilé-ìwé dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbé òkúta méjì-méjì sílẹ̀ tí wọ́n ń gbá monkey post. A ò lè máa fi orúkọ Yekini yangàn, ká tún máa ta ilẹ̀ tí irú rẹ̀ ti lè jáde.

Àwọn ará Ọ̀fà ló sì ń sọ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ìlú tó gbé ìjàkadì sórí oríkì ara rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé eré ìdárayá ju bọ́ọ̀lù lọ. Ṣùgbọ́n tí ìgbìmọ̀ bá jókòó láti gbọ́ ohun tí ará ìlú fẹ́, bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n á gbọ́, nítorí pé àwọn tó ń gbá a ló máa ń pariwo jù. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá kò ní dìde láàárín àgbà nínú gbọ̀ngàn ìlú kó ní òun fẹ́ ṣeré. Kí àwọn obìnrin inú ìgbìmọ̀ lọ bá irú wọn nínú kíláàsì (ó sì gbọ́dọ̀ ní obìnrin tó ju ẹyọ kan lọ). Ohun tí wọ́n máa bá bọ̀ lè má jẹ́ pápá mìíràn rárá. Ó lè jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ìlẹ̀kùn, tàbí ibi tí wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ, tàbí ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọkùnrin kò ní lé wọn kúrò lórí pápá. Fọ́lìbọ́ọ̀lù kò sì gba ilẹ̀ púpọ̀: mítà 18 sí 9 ni, pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sì gbà á pẹ̀lú àyè tó yẹ kó yí i ká. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò lè rí ìyẹn.

Àwọn àgbàlagbà náà ńkọ́, tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ? Etí títì márosẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rìn in, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà. Etí pápá tí a ro dáadáa tó wọn.

Ọ̀rọ̀ omi ni ìgbìmọ̀ máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló ń pa pápá jù lọ́dọ̀ wa. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó ń rọ̀ dé oṣù kẹwàá, ilẹ̀ pupa tí a ní kì í sì í fa omi kíákíá tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ le. Àárín pápá ló yẹ kó ga ju etí rẹ̀ lọ. Tí ìdagẹ̀rẹ̀ náà bá jẹ́ mítà kan nínú ọgọ́rùn-ún, pápá tó fẹ̀ ní mítà 68 á fi sẹ̀ǹtímítà 34 ga láàárín. Ojú kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, ṣùgbọ́n omi á mọ̀ ọ́n. Kí gọ́tà wà létí tó máa gba omi náà lọ sí ibi tí kò ti ní ba ilé onílé jẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tó bá gbé katakátá wá, tó ha gbogbo koríko dànù nígbà tí òjò ti ń ṣú, ó ti ba pápá jẹ́ nìyẹn, kò sì yẹ kí wọ́n san owó fún un. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní ilé-ìwé ò lówó, pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí pápá ká kí wọ́n máa gbowó ilé. A gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ebi owó tó ń pa ilé-ìwé sì kan gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá ti kọ́ sórí ìlà pápá, ta ló máa wó o? Èyí tó dára jù ni kí ìlú gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń yá pápá fún ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ìpolongo ìbò, owó lílò lọ́tọ̀, owó ìdúró lọ́tọ̀. Kí wọ́n má dá owó ìdúró padà fún ẹni tó bá fi ihò òpó àgọ́ àti ọ̀rá píọ̀-wọ́tà sílẹ̀ lọ. Owó yẹn ni kí wọ́n fi san oṣù fún ẹnìkan tó máa máa gé koríko, táwọn ọmọ mọ orúkọ rẹ̀.

Lórí àwọn tí wọ́n máa yàn sí ìgbìmọ̀: kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń ta ilẹ̀ níbẹ̀. A mọ̀ pé á dun àwọn kan. Ọmọ ìgbìmọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ tàbí ti ìdílé rẹ̀ bá sì bá pápá pààlà, kó sọ ọ́ níta ní ìpàdé àkọ́kọ́, kó sì yẹra tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ààlà náà. Kí wọ́n fi àwọn olùkọ́ eré ìdárayá sí i, èyí tó ti fẹ̀yìn tì àti èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí wọ́n rántí ibi tí wọ́n máa ń fa ìlà inter-house dé tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò sì gbọdọ̀ dúró lọ́rùn ọmọ ìlú nìkan. Àtẹ Kẹrin òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ka ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa dé ọ̀dọ̀ káńsù tààrà. Ọ̀fà, Ọ̀yun, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, iṣẹ́ gbogbo wọn nìyí. Kí alága káńsù kọ̀ọ̀kan ya owó sọ́fè sọ́tọ̀ nínú ètò ìnáwó, kó dárúkọ pápá tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, kí kańsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù náà sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń rìn ààlà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti ṣe é, nígbà tí koríko ti gbẹ tí ojú ti lè ríran jìnnà. Káńsù máa ń ṣètò ìnáwó ọdún tuntun nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n bá yàn ní oṣù kìíní lè parí ìwọ̀n kí òjò tó dé, kó fi àkókò òjò wo ibi tí omi ń gbà, kó sì gbé ìwé rẹ̀ lé alága lọ́wọ́ ní oṣù kẹsàn-án.