Ọwọ́ Àgbàlagbà Kò Wọ Akèrègbè

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè." Kò sẹ́ni tí kò mọ òwe yìí nínú wa. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́ tá à ń gbé Èkó, apá kìíní nìkan la máa ń fà yọ bá a bá fẹ́ dáwó. A ó ní ọwọ́ àwọn ìyá wa létí ọ̀sà kò tó pẹpẹ, àwa tí Ọlọ́run ṣe é fún, ẹ jẹ́ ká bá wọn gbé nǹkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ni. Apá kejì la kì í dúró yẹ̀ wò. Ẹni tó pa òwe náà kò fi àgbà jọba lé ọmọdé lórí. Ó ní nǹkan kan wà nínú akèrègbè, ọrùn rẹ̀ tóóró, bó ti wù kó o lówó tó, ọwọ́ rẹ kò lè wọ ibẹ̀. Bó o bá sì fi ipá tì í, akèrègbè á fọ́.

Ìmọ̀ràn tí mo mú wá kò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ kí obìnrin ìlú rẹ̀ lè dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, kó gbé owó náà sílẹ̀ látorí pẹpẹ, kó sì mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu akèrègbè.

Ẹja yíyan ni ìyá mi fi tọ́ wa. Ẹni tí kò jókòó ti ààrò ẹja rí lè rò pé kò ju kéèyàn koná mọ́ ẹja lọ. Wọ́n á ra àrọ̀ lówùúrọ̀ lọ́jà Olúwo, wọ́n á fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n á ká a títí ìrù á fi kan ẹnu, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un pọ̀, kí wọ́n tó tò ó sórí wáyà lókè àgbá tí wọ́n gé sí méjì. Igi gbọ́dọ̀ máa rú èéfín, kò gbọdọ̀ jó fòfò. Ìka lásán ni ìyá mi fi ń yí i. Bí òróró ẹja bá ń kán sínú iná, á gbọ́ ọ láti inú ilé, á ní, "Ẹ lọ fa igi yẹn sẹ́yìn." Bó bá gbé ẹja kan lọ́wọ́, ó mọ̀ bóyá yóò dé Ìbàdàn kó tó bu. Ohun tó wà nínú akèrègbè nìyẹn. Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, ọwọ́ mi kò wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, nígbà táwọn kan bá sọ pé ká má fún wọn lẹ́ja, ká kọ́ wọn ní ẹja pípa, mo máa ń ní kí wọ́n rántí pé Ẹ̀pẹ́ là ń sọ. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n àwọn ìyá yìí. Owó ni, àti àsìkò tí owó ń dé. Bí ẹja bá pọ̀ lódò, iye rẹ̀ á já wálẹ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn á rà á rẹpẹtẹ, á yan án, á tọ́jú rẹ̀ dìgbà tí ẹja bá wọ́n. Ẹni tí kò ní á rà á láwìn, yóò sì ní láti tà á kíá kó lè san gbèsè, lásìkò tí gbogbo ayé ń tà. Ohun kan náà làwọn méjèèjì mọ̀, ẹnì kan ló ń jèrè. Ibẹ̀ ni ayánilówó ti ń rí wọn mú. Tẹ́lẹ̀, olówó èlé sogún-dogójì ni. Lóde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ ayánilówó kéékèèké táwọn obìnrin ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà ni: wọ́n á ti máa bi wọ́n ní owó ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹja ṣì wà lórí wáyà, bí ẹnì kan kò bá sì rí tirẹ̀ san, gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n á dá dúró. Orúkọ náà kò dùn ún sọ lẹ́nu. Ìnira ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa náà ti ṣàṣìṣe. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ dáwó ra firísà fáwọn ẹlẹ́ja. A pe ayàwòrán, àwọn ìyá tó bí wa lọ́mọ kúnlẹ̀ dúpẹ́, a sì wọkọ̀ padà s'Ékòó. Nígbà tí mo tún délé, mo ṣí ọ̀kan nínú firísà náà. Ìró àti bùbá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, pẹ̀lú wàláà ọmọ iléekéwú. Iná kì í wá, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ju èrè ẹja lọ. Àláájà tó ni ilé kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ta lẹ bi?"

N kò rí èsì fún un. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa ti sọ ọmọ lórúkọ láìdé ilé rárá.

Àwọn tó ń bẹ̀rù láti fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin máa ń béèrè pé bí wọ́n bá ná an tán ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti wà nílẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó kú ní 1901, ti ṣàpèjúwe èésú nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: àwọn èèyàn á máa dá iye kan ní àkókò kan, lábẹ́ olórí kan, wọ́n á sì máa kó o fún ara wọn ní títẹ̀léra. Bí ogún obìnrin bá ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀, 100,000 ni ẹnì kan ń kó lọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsí èlé, láìsí onídùúró. Ní orílẹ̀-èdè Niger ní 1991, àjọ aṣèrànwọ́ CARE bá àwọn obìnrin abúlé bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mata Masu Dubara lédè Haúsá. Owó àwọn obìnrin fúnra wọn ni wọ́n ń yá ara wọn, èlé rẹ̀ sì ń padà sápò wọn. Àpótí tó ní àgádágodo mẹ́ta ti wá di ohun tí a mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ọwọ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Òótọ́ ni pé ẹlòmíì á ná tirẹ̀ sórí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Àwọn tí wọ́n jọ ń yan ẹja ló máa mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́ níbẹ̀, kì í ṣe èmi tí mo wà ní Sùúrùlérè.

Ẹ má sì fi owó náà rán ọkọ. Ẹ fi lé obìnrin lọ́wọ́.

Ti pé kí obìnrin ṣolórí, kò ṣàjèjì sáwọn ẹlẹ́ja. Ẹlẹ́ja ni Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, tó kú ní 1951. Kò kàwé. Ní 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju £50 máa san owó orí. Pelewura àti àwọn èèyàn rẹ̀ tú jáde, wọ́n ti ọjà pa, ìjọba sì sún un sókè sí £200. Ọjà ló sọ ọ́ di olórí. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí obìnrin ṣe àkóso owó ẹgbẹ́ tirẹ̀, níbo ló fẹ́ kó ti kọ́ bí a ti ń ṣàkóso?

Nígbà tá a padà lọ, a béèrè. Owó igi ni wọ́n fẹ́, owó tí wọ́n á máa fi ra ẹja lásìkò tó bá pọ̀, àti páànù tí wọ́n á fi bo ibi ààrò kí òjò má pa iná. Wọ́n ṣòfin ara wọn, wọ́n yan ìyá mẹ́ta tó máa di kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹnì kan nínú wa ní kí kọ́kọ́rọ́ kẹrin wà lọ́wọ́ alága wa l'Ékòó. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà kọ́kọ́ rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Àláájà ọjọ́ yẹn wò wá, ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ àpótí tiyín ńkọ́, ṣé ẹ ó fún wa ní ọ̀kan?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Wọ́n fi ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 ṣe akọ̀wé, ọmọ ọmọ ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé òun ló mọ̀wé kọ jù. Bọ́mọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bágbà jẹun. Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Owó ìdánwò WAEC rẹ̀ la san lọ́tọ̀, a kò dà á pọ̀ mọ́ ti inú àpótí. Lọ́jọ́ tá a kó owó náà lọ, a tẹ́ ẹní sábẹ́ páànù tuntun, èéfín ṣì ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo dìde, mo na ọwọ́ sí owó náà kí n lè kà á lójú gbogbo èèyàn.

Àláájà ní, "Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ kọ́mọ yẹn kà á."