Ẹ jẹ́ ká yẹ ìdí kọ́ńgò wò

Ìyá mi ta gàrí àti ẹ̀wà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Nígbà tí mo ń bá a jókòó ti ọjà, àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó dúnàádúrà rárá, wọ́n á kọ́kọ́ gbé kọ́ńgò, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á fọwọ́ pa ìdí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a ti fi òòlù lù ú wọnú. Ìyá mi kì í bínú sí wọn. Á ní, "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹni tí ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ ìdí kọ́ńgò wò, ẹ má rajà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń sọ sí mi lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń ka oríṣiríṣi ìwádìí tó ń jáde lẹ́nu ọdún mélòó kan sí ìsinsìnyí: lórí ìràwọ̀, lórí kẹ́míkà, lórí owó oúnjẹ, lórí afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Ojú wọn ò jọra. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kà wọ́n délẹ̀, ìbéèrè kan náà ni mo ń bá níbẹ̀. Ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ló fi wọ̀n ọ́n? Ṣé kò sì dáwọ́ dúró? Èrò ọkàn mi ni pé àwọn tó ń wọn nǹkan kan náà, níbì kan náà, lọ́dún dé ọdún, ni ayé jẹ ní gbèsè jù lọ, àwọn gan-an la sì ń fojú fò.

Ẹ gbọ́ ọ̀ràn CFC-11. Kẹ́míkà ni. Òun ni wọ́n máa ń fi mú fóòmù wú tẹ́lẹ̀, irú fóòmù tó wà láàárín ògiri fíríìjì. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland sọ pé irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ máa ń gòkè lọ bá ozone, ìbòrí tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, á sì máa jẹ ẹ́ run. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ta kò wọ́n. Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ní 1985, nígbà tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin, gbé ìwọ̀n wọn jáde láti ibùdó Halley ní Antarctica. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń wọn ozone níbẹ̀, nínú òtútù tí kò ṣeé fẹnu sọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí pé nǹkan kan máa yọ níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọdọọdún yẹn ló fi hàn pé ìbòrí náà ti ń fẹ́lẹ́ lójijì. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn Montreal, pé kí gbogbo ayé jáwọ́ nínú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di 2010, kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ kankan láyé tún máa ṣe CFC-11.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù rèé. Ní 2018, Stephen Montzka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NOAA, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ àti òkun ti Amẹ́ríkà, kéde pé nǹkan ò lọ déédéé. CFC-11 ṣì ń dín kù nínú afẹ́fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ láti 2012 ni ìdínkù náà ti falẹ̀, eré tó ń sá tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹnì kan ń ṣe é níkọ̀kọ̀. Ta ni? Ibùdó méjì ló dáhùn: Gosan ní erékùṣù Jeju ní Gúúsù Kòríà, àti Hateruma, erékùṣù kékeré kan ní Japan. Tọ̀sán tòru ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ sínú, tí ó ń wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ojú òkun wá, CFC-11 inú rẹ̀ á mọ níwọ̀n. Bí ó bá ti ìlà-oòrùn Ṣáínà wá, á fò sókè. Matt Rigby àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi kọ̀ǹpútà tọpasẹ̀ afẹ́fẹ́ náà padà sí orísun rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2019: agbègbè Shandong àti Hebei ni, nǹkan bíi 7,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún lé lórí iye tó ń jáde tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 2021, ìwọ̀n tuntun tún fi hàn pé ó ti lọ sílẹ̀ padà.

Ohun tí ò láwọ̀, tí ò lóòórùn. Ẹni tó ń ṣe é ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun. Àwọn àgbà wa ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Àmọ́ ká ní ẹni tó ń san owó iná àwọn ibùdó yẹn ti sọ lẹ́yìn 2010 pé ọ̀rọ̀ CFC ti parí, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n máa lọ sílé, afẹ́fẹ́ ì bá fẹ́ títí, a ò bá má rí nǹkan kan.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rù fún. Ní 1958, Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì CO2, èyí tó ń mú ayé gbóná, lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Ó bá a ní nǹkan bíi 313 nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí ó ti kọjá 420. Àlàfo kékeré kan wà nínú àkọsílẹ̀ náà ní 1964, àìsówó ló fà á. Ní November 2022, òkè náà bú gbàmù, àpáta yíyọ́ bo ọ̀nà, ó já wáyà iná, síbẹ̀ kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ lọ sórí òkè Maunakea tó wà nítòsí, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 2025, àbá ìṣúná ìjọba Amẹ́ríkà wá ní kí owó tó ń gbé ibùdó yẹn ró dópin. Nígbà tí mo kà á, ó dùn mí wọra.

Ti ojú ọ̀run, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn agbo ìràwọ̀ ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, àwọn onímọ̀ sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yára tó. Àwọn tó fi sátẹ́láìtì Planck wọ̀n ọ́n láti ara ìmọ́lẹ̀ tó kù sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé rí 67: ìyẹn kìlómítà 67 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún gbogbo jíjìnnà tí ìmọ́lẹ̀ ń fi mílíọ̀nù 3.26 ọdún rìn. Adam Riess àti àwọn tiẹ̀ fi ìràwọ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n rí 73. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti wà lórí ẹ̀. Wọ́n ní bóyá Hubble, awò tó ń wo ìràwọ̀ láti òfuurufú, ni ò ríran tó. Wọ́n fi James Webb, awò tuntun tó ríran jù ú lọ, tún un wò, Riess ò yẹsẹ̀. Wendy Freedman lo James Webb kan náà, tiẹ̀ bọ́ sí nǹkan bíi 70. Ohun tó wú mi lórí ni pé kò sí ẹni tó lu ìdí kọ́ńgò tirẹ̀ wọnú kó lè bá ti ẹnì kejì mu. Wọ́n ń gbé e fún ara wọn yẹ̀ wò. Kọ́ńgò ìràwọ̀ yẹn gan-an, obìnrin kan ló ṣe é: Henrietta Leavitt ní Harvard, tó jókòó ti gíláàsì àwòrán ìràwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì fi hàn ní 1912 pé oríṣi ìràwọ̀ kan wà tó ń mọ́lẹ̀ tó ń ṣú, èyí tó bá pẹ́ jù kó tó yí po ló mọ́lẹ̀ jù; òun ni wọ́n fi ń mọ bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa mọ orúkọ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní December 2024, NBS, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti January 2025 jáde: 24.48. Ti oúnjẹ nìkan bọ́ láti 39.84 sí 26.08. Àwọn kan ń jó pé ọjà ti wálẹ̀. Àwọn kan ń pariwo pé irọ́ ni. Mo wà lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin tó ń ta ẹ̀wà fún mi bi mí pé, "Àǹtí, ọjà wo ló wálẹ̀?" Mi ò rí èsì tó kúrú fún un.

Èsì tó gùn rèé. Kọ́ńgò ni wọ́n pààrọ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò tẹ́lẹ̀. Wọ́n sún un wá sí 2024. Wọ́n tún ìwọ̀n ohun tí ìdílé ń náwó lé ṣe, ipa oúnjẹ nínú rẹ̀ sì bọ́ láti ìdá 51.8 sí nǹkan bíi 40. Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é. Àṣìṣe tí mo rí ni pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ jù. Ọjà 2024 ni wọ́n ń fi kọ́ńgò 2009 wọ̀n. Ẹni tó bá sì gbé 34.80 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 24.48, tó ní ìyàtọ̀ náà ni èrè wa, kọ́ńgò méjì ló pò pọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí ìdá náà bá tiẹ̀ dín kù lóòótọ́, ohun tó ń sọ ni pé owó ọjà ṣì ń gòkè, eré rẹ̀ ló dín. Ká ní wọ́n bá ìyá ẹlẹ́wà sọ ọ́ báyìí lórí rédíò, yóò yé e.

Òṣùwọ̀n kan wà tí mo fẹ́ràn ju ìyẹn lọ: iye tó máa náni lójúmọ́ kéèyàn tó jẹun tó pé, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tó pọ́ọ́kú jù nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló rà, ẹ̀fọ́ tó pọ́ọ́kú jù, ẹ̀wà tó pọ́ọ́kú jù, èso tó pọ́ọ́kú jù. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, fi òṣùwọ̀n yìí ṣírò pé ní 2024, bílíọ̀nù 2.6 èèyàn láyé ni agbára wọn ò ká a. NBS náà ti ń ṣe tiwa. Ìyẹn jọ ọ̀nà tí ìyá ọlọ́mọ ń gbà ronú bó bá ń lọ sọ́jà.

Ní June àti July 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Áfíríkà ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní DACCIWA. Kumasi, Ṣábẹ̀ ní Benin, àti Ilé-Ifẹ̀ ni ibùdó wọn nílẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta ń gbéra láti Lomé. Wọ́n wọn ìkùukùu tó máa ń bo ojú ọ̀run wa láàárọ̀ òjò, èyí tí gbogbo ọmọ Ifẹ̀ mọ̀. Wọ́n tún rí i pé èéfín inú afẹ́fẹ́ wa lásìkò yẹn, ti ìlú wa nìkan kọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti igbó jíjó ní àárín gbùngbùn Áfíríkà gba orí òkun wá. Ẹ wo irú ìmọ̀ tí oṣù méjì mú wá. Lẹ́yìn náà, àwọn ọkọ̀ òfuurufú padà lọ sílé wọn. Mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa, kí àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń kọ́ gbọ̀ngàn sí yunifásítì, fi owó sí ibùdó kan ṣoṣo tí kò ní dáwọ́ dúró fún ọgbọ̀n ọdún. Kí wọ́n sanwó oṣù ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Kí wọ́n sanwó dísù.

Ní tèmi, mo ra òṣùwọ̀n òjò ní March, mo rì í mọ́ àárín ọgbà lẹ́yìn ilé, níbi tí igi ò ti ṣíji bò ó. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń kà á, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kò tíì fo ọjọ́ kankan. Lónìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀: mílímítà 23.