Ẹ́ńjìnnì ló pa Marseille, kì í ṣe ọ̀tá

Gbogbo ìparí September ni àwòrán yẹn máa ń padà wá: Hans-Joachim Marseille, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì tó ń wa bàálù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bàálù ogun aláwọ̀ yanrìn lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà 14 aláwọ̀ yẹ́lò lára bàálù náà. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì yìnbọn já a bọ́. Irọ́ ni. Ó sì ti sú mi.

Kò sí ọta kankan tó bà á lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 22 ni Hans-Joachim Marseille, ọmọ Berlin, nígbà tó kú ní 30 September 1942 nítòsí Sidi Abdel Rahman ní Íjíbítì. Ńṣe ló ń padà bọ̀ sí ibùdó, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń jà, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àwọn awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá rí ará Jámánì, wọ́n á tò yípo bí òrùka, kálukú á máa ṣọ́ ìrù ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ Jámánì yòókù á já wá láti òkè pẹ̀lú eré, wọ́n á yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sá lọ. Marseille ní tirẹ̀ á wọ inú òrùka náà, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, á sọ ìyẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn apá sílẹ̀ kí bàálù lè yí ní kọ́rọ́. Kì í yìnbọn sí ibi tí ọ̀tá wà. Ẹ ṣírò rẹ̀: bàálù tó ń sá 400 km láàárín wákàtí kan ń rin mítà 111 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti mítà 200, ọta máa lo bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ó lè lé díẹ̀, kó tó débẹ̀. Ọ̀tá á ti lọ síwájú ní mítà 30, ìyẹn gígùn bàálù mẹ́ta. Iwájú yẹn ló ń yìn ín sí, nígbà tí imú bàálù tirẹ̀ bá ti bo ọ̀tá mọ́ ọn lójú. Ní 1 September 1942, wọ́n ka bàálù 17 sí i lọ́rùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 158, Áfíríkà sì ni 151 nínú rẹ̀ ti wáyé. Ẹ lè bá mi jiyàn lórí iye yìí, torí ohun tí awakọ̀ bá ní òun já bọ́ àti ohun tí ọ̀tá pàdánù kì í sábà dọ́gba. Ti ikú rẹ̀ ni mi ò ní gbà.

Bàálù ogun Jámánì tí wọ́n ń pè ní Bf 109, irú F-4, ló mọ̀ bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí irú tuntun, G-2, dé, tòun ti ẹ́ńjìnnì DB 605, ó kọ̀ ọ́, torí ẹ́ńjìnnì náà ń dàṣẹ́ sílẹ̀. Kesselring, ọ̀gágun àgbà Jámánì, ló pàṣẹ kó gbà á. Kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì náà? Àwọn tó ṣe é fẹ ihò písítìnnì láti 150 mm sí 154 mm kí agbára lè pọ̀ sí i, wọ́n sì yọ bẹ́árìn (ohun tí irin tó ń yí máa ń jókòó lé) onírólà tí DB 601, ẹ́ńjìnnì inú F-4, ń lò, wọ́n fi èyí tó tẹ́jú sí i. Bẹ́árìn onírólà lè fara da ọ́ìlì díẹ̀. Èyí tó tẹ́jú, orí ọ́ìlì ló ń léfòó. Bí ọ́ìlì bá hó, tí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, irin á máa gé irin, iná á sọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á léèwọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí awakọ̀ lo 1.42 ata (ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń wọ ẹ́ńjìnnì), agbára tó ga jù tí ẹ́ńjìnnì náà ní, 1.3 ni kí wọ́n má kọjá. Ti Marseille, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé gíà kan bàjẹ́, ọ́ìlì jò, eyín gíà kán, iná sì ràn mọ́ ọ́ìlì.

Èéfín kún ibi tó jókòó sí. Kò ríran mọ́. Àwọn tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fi rédíò júwe ọ̀nà fún un kó lè dé orí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn Jámánì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó dojú bàálù dé kó lè já bọ́ sísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n imú bàálù gbọ́dọ̀ wà ní gbọọrọ, eré sì gbọ́dọ̀ kéré, kí ìrù lè kọjá lókè ẹni tó já bọ́. Nínú èéfín, imú bàálù rẹ̀ ti dorí kodò, eré rẹ̀ sì tó bíi 640 km láàárín wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ gbé e lu ìrù, ó gbá a láyà lápá òsì. Pàráṣúùtì rẹ̀ kò ṣí.

Àwọn kan á tún mú Mathew Letulu wá láti fi hàn pé èèyàn dáadáa ni Marseille, ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti South Africa tí wọ́n mú nígbà tí ìlú Tobruk ní Líbíà ṣubú ní June 1942, tí Marseille gbà sọ́dọ̀, tó sì mú lọ́rẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí kò lágbára láti padà sílé rẹ̀ ni. Ẹ má fi ìyẹn fọ ogun Hitler mọ́.

Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ sókè yẹn, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ yọ níbẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ nínú èéfín yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Ká ní ó já bọ́ nígbà tí èéfín kọ́kọ́ wọlé, tó ṣì ríran, tí bàálù ṣì wà ní gbọọrọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ì bá mú un, bóyá ì bá sì wà láàyè. Ṣé ẹ́ńjìnnì náà nìkan ni, àbí ibi tó fẹ́ balẹ̀ sí?